Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́kọ́ Kí Ẹnìkejì: Àlejò Ni Tàbí Onílé?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Bàbá, ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta kó dé àdúgbò tí wọn kò gbé rí. Ọkọ̀ já ẹrù wọn, wọ́n ti géètì. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò kí wọn, àwọn náà kò kí ẹnikẹ́ni. Onílé ní: "Ẹni tó dé ló yẹ kó fi ara rẹ̀ hàn." Àlejò ní: "Ẹni tí a bá nílé ló ń sọ pé ẹ káàbọ̀." Àwọn méjèèjì rò pé àwọn jàre. A fẹ́ mọ ẹni tó jẹ gbèsè kíkí yìí, nítorí gbèsè gan-an ni, àwọn ọmọdé ló sì máa ń bá àgbà san án.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àfẹnusọ lásán. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ó sì fi Òṣogbo ṣe olú-ìlú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn gbọ́ pé Òṣogbo ni iṣẹ́ kù sí. Àsìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, àsìkò àgbàdo sísè àti àsálà. Àwọn kan fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ń wá ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ń padà ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn mìíràn kó gbogbo ilé wọn wá kí ilé-ìwé tó wọlé. Títí di òní, àsìkò ìsinmi yìí ni ìdílé púpọ̀ máa ń fẹ́ láti kó lọ sí ilé tuntun, ní Dàda Estate àti ní àwọn àdúgbò bíi tirẹ̀.

Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lè sọ pé: "Èmi kò ní pẹ́ níbí. Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ aládùúgbò ṣe?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà ìlú ló ń rìn, ọjà ìlú ló ń ná, ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró sínú ọgbà rẹ̀. Bí iná bá ràn lọ́gànjọ́, aládùúgbò kò ní béèrè iye oṣù tó fẹ́ lò kí ó tó gbé omi wá. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ àkọ́kọ́ tí a sùn síbẹ̀.

Kí onílé má tìtorí èyí yangàn. Ìtàn sọ pé omi ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ń wá tí wọ́n fi kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n fi tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Ogun ọ̀rúndún 19 lé àwọn mìíràn wá láti àwọn ìlú Ọ̀yọ́ tó tú, pàápàá nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Réluwéè dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ó tún kó oníṣòwò wọlé. Ẹni tó ń jẹ́ onílẹ̀ lónìí, ọmọ àlejò àná ni. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ èyí dáadáa. Ẹni tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú kò lè rí owó rẹ̀ gbà bí kò bá mọ orúkọ ènìyàn, tí kò mọ ilé wọn, tí àwọn náà kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìlú bá di olú-ìlú, ilé a máa gbówó lórí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èrè. Ṣùgbọ́n kí a máa fi àìmọ̀ àlejò rẹ́ ẹ jẹ, ìyẹn yàtọ̀. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti lọ pàdé oníṣòwò lójú ọ̀nà kí ó tó wọ ọjà, kí wọ́n má baà ra ẹrù rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ iye tí nǹkan ń lọ. Ajẹ́ńtì ilé tó gbọ́ pé ará Ìbàdàn ló ń sọ̀rọ̀, tó wá fi owó lé owó, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Nígbà tí Ànábì àti àwọn Mùsùlùmí Mẹ́kà ṣí lọ sí Mọ̀dínà ní ọdún 622, ìlú náà kò kọ́kọ́ bá wọn lára mu. Ibà mú Abu Bakr àti Bilal, ilé sì ń wù wọ́n débi pé Ànábì bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó mú kí àwọn fẹ́ràn Mọ̀dínà bí àwọn ti fẹ́ràn Mẹ́kà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí àárò ilé ń sọ mọ̀ pé kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Asma ọmọ Abu Bakr fi oyún rìn ìrìn-àjò náà, Quba ló bí Abdullah ọmọkùnrin rẹ̀ sí, gbogbo Mùsùlùmí sì yọ̀ mọ́ ọn. Nínú àwọn onílé, ọmọdé kan wà tí kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ, Anas ọmọ Malik. Òun ló ń ṣe ìránṣẹ́ fún Ànábì fún ọdún mẹ́wàá.

Ànábì fi àlejò kọ̀ọ̀kan ṣe ọmọ ìyá onílé kan. Sa'd ọmọ al-Rabi' fi ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ lọ Abdur-Rahman ọmọ Awf. Abdur-Rahman gbàdúrà fún un, ó ní kí wọ́n kàn fi ọ̀nà ọjà han òun. Wàrà gbígbẹ àti òrí màlúù ló fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Sa'd kò dúró kí àlejò tọrọ, Abdur-Rahman kò sì sọ inú rere onílé di oúnjẹ òòjọ́.

Èyí ni ìdáhùn wa sí ìbéèrè òkè. Nínú ẹ̀kọ́ kíkí tí a gbà lọ́wọ́ Ànábì, ẹni tó ń rìn ni yóò kí ẹni tó jókòó, àwọn tó kéré níye ni yóò kí àwọn tó pọ̀. Nítorí náà, àlejò ló jẹ gbèsè ẹnu. Kíkí kò gba ìmọ̀ ìlú. Ẹni tó dé láàárọ̀ yìí lè kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n onílé ló jẹ gbèsè ọwọ́. Òun ló mọ kànga tí kì í gbẹ, ilé ìwòsàn tó ń ṣí lóru, ilé kéú tí ọmọ ti lè kàwé láìjẹ ẹgba àjẹjù. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró de ẹnìkejì kó tó san tirẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ti bàjẹ́, gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀, odi àti géètì ló kù tí a fi lè ṣọ́ ọmọ. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù wà, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí àjèjì bá fa ọmọ yín lọ́wọ́ ní ìkóríta, ta ni yóò dá a dúró? Ìyá tó ń dín àkàrà níbẹ̀ ni, bí ó bá mọ ojú ọmọ náà, tó sì mọ ilé tó ti wá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò rò pé bàbá rẹ̀ ni. Odi ń ṣọ́ ọmọ tó wà nínú ilé. Ojú aládùúgbò ló ń ṣọ́ èyí tó jáde, ọmọ kò sì ní ṣàìjáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín wà nínú èyí. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń já ẹrù ní àdúgbò yín nínú ìsinmi yìí, ẹ bá wọn gbé àga. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè bóyá Mùsùlùmí ni wọ́n, nítorí aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ mú ìyá àwọn ọmọ náà lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó mọ iye tí kóńgò gàrí ń lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbi tí ẹgbẹ́ wọn ti ń ṣeré. Bí ẹ̀yin bá sì ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ẹ jáde lọ kí ilé mẹ́ta tó sún mọ́ yín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí ẹ sì sọ orúkọ wọn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilé tuntun tu gbogbo ẹni tó ń kó bọ̀ lára, kí Ó sì má fi wá ṣe aládùúgbò tí ènìyàn ń sá fún. Àmín.