Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́" ni Yorùbá máa ń fi tu obìnrin tí ìkókó kú mọ́ lọ́wọ́ nínú. Ọmọ lọ, ìyá wà láàyè, yóò tún bí òmíràn. Òwe ìtùnú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ló yẹ, kì í sì í ṣe ti ọjọ́ tí ìbànújẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àgbà obìnrin tí irú rẹ̀ ti ṣe rí ló tọ́ sí. Bí ọ̀dọ́ bá sáré pa á, ohun tí ìyá ọmọ yóò gbọ́ ni pé ọmọ òun kò ju omi lọ.

Irú ikú ló ń pinnu irú kíkí. Bí arúgbó tó ti rí ọmọ-ọmọ bá kú, "Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn wọn á dára" ni wọ́n ń kí àwọn ọmọ rẹ̀, ìlù sì lè dún. Òkú ọ̀fọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. "Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù, Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí" ti tó níbẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹni tó bá pa á létí òbí tó ń ṣọ̀fọ̀ kò ṣìpẹ̀, egbò ló ń họ.

Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú ìṣìpẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Lẹ́yìn ikú ìkókó, ọyàn ìyá ṣì máa ń kún, á máa ro ó. Àwọn àgbà obìnrin mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í dúró dìgbà tó bá sọ ọ́. Wọ́n á gbé omi ìwẹ̀ fún un, wọ́n á kó ọ̀já àti aṣọ ọmọ kúrò níwájú rẹ̀ (bó bá fẹ́ fi ọ̀kan pamọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un), wọ́n á po ẹ̀kọ mímu. "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran" ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ kó mu ún. Òwe yìí kò ní kó má sunkún, ó sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju "Dákẹ́, ó tó" tó ti mọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́nu lọ.

Bàbá ọmọ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. "Ṣọkàn akin" ni wọ́n á wí fún un, wọ́n á sì kọjá lọ sí yàrá ìyàwó rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rẹ́ kan jókòó tì í.

Èrò máa ń pọ̀ nílé ọ̀fọ̀ títí di ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn Mùsùlùmí máa ń ṣe fídáù; lẹ́yìn náà, ilé á dá. Ìgbà yẹn gan-an ni ìbẹ̀wò wúlò jù. Kí àlejò gbé oúnjẹ dání, kó bá wọn jẹ ẹ́, kó má sì bi ìyá ọmọ léèrè oyún mìíràn.