Ẹ̀jẹ̀ Àbímọ́ àti Ẹ̀jẹ̀ Abẹ́rẹ́

Eero Mäntyranta, ọmọ ilẹ̀ Finland, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà méjì nínú eré sáré orí yìnyín ní Òlíńpíìkì Innsbruck, lọ́dún 1964. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn kan sì ń fura pé màgòmágó wà níbẹ̀. Ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ òun àti ẹbí rẹ̀ wò tú àṣírí náà: wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Bí ọ́síjìn bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ erythropoietin, EPO ní ìkékúrú (kì í ṣe epo pupa o). Òun ló ń sọ fún mùdùnmúdùn inú eegun pé kó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Lára Mäntyranta, ibi tó ń gba iṣẹ́ yìí ní àbùkù; kì í tètè gbọ́ pé ó tó. Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn. Tirẹ̀ gba wúrà fún un.

Lọ́dún 1989, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ EPO fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dọ́wọ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje. Lance Armstrong jẹ́wọ́ tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2013. Kí ló wá dé tí a fi ń pe ọ̀kan ní olóríire, tí a ń pe èkejì ní olè?

Ọ̀pọ̀ á ní orí Mäntyranta ló yàn án fún un. A ò gbà. Orí náà ló yan kíndìnrín tó bàjẹ́ fún ẹlòmíì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ní kó má gba abẹ́rẹ́. (Mäntyranta fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni mímọ́: wọ́n bá amphetamine lára rẹ̀ ní 1972, àmọ́ ìyẹn lọ́tọ̀.)

Ẹni kẹta ni tiwa ń wò: agunkẹ̀kẹ́ tí kò fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ki jù lè dì nínú iṣan, kó fa rọpárọsẹ̀. Bí wọ́n bá gba EPO láàyè, onítọ̀hún á fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ tàbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mäntyranta ò ti ẹnikẹ́ni sínú irú ìyẹn. Àwọn tó lù pàdánù, wọ́n sì gbé ìlera wọn lọ sílé.

Tí òbí kan bá wá ní kí wọ́n fi jíìnì Mäntyranta sínú ọmọ tí kò tíì bí ńkọ́? Ọmọ náà kò yan nǹkan kan, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Bí a bá gbà á láàyè kó sáré, àwọn òbí yòókù ló bọ́ sípò agunkẹ̀kẹ́ yẹn. Bí a bá lé e, ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì la fi ń jẹ ẹ́ níyà.