Eré Ni tàbí Ère?

Bí a bá rí àgbàlagbà tí ó jókòó ti páálí, rúlà àti àtè, tí ó ń to ilé kékeré kan tí ènìyàn kankan kò lè gbé inú rẹ̀, ìbéèrè méjì ni ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Èkíní ni pé, ṣé eré ọmọdé kọ́ ni èyí? Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti rí ilé gidi gbé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi àkókò àti owó kọ́lé fún ọmọlangidi? Iṣẹ́ ìgbafẹ́ ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbà káàkiri ayé. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin wa mọ ohun tí ó ń dáwọ́ lé.

Díẹ̀ ni ọmọ Ẹ̀gbá tí kò fi iyanrìn kọ́lé rí. Lẹ́yìn òjò, ọmọ a ki ẹsẹ̀ bọ inú iyanrìn tútù, a gbá a mọ́lẹ̀ dáadáa, a sì wá fa ẹsẹ̀ yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá kánjú, ilé wó. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iyanrìn ni ó kọ́ ọ.

Ohùn nìkan ni ó ya eré sọ́tọ̀ sí ère nínú èdè wa, àwọn baba wa kò sì fi ìgbà kankan rò pé ohun tí ó bá kéré, eré lásán ni. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, gbẹ́nàgbẹ́nà ni òbí ń lọ bá. Èṣùbíyìí, ará Ìtokò ní Abẹ́òkúta, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí ṣáájú ọdún 1900. Ère náà kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Síbẹ̀, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa wọṣọ fún un, a sì máa tẹ́ ẹ sùn. Ẹni tí ó bá rí ìyá náà, tí ó ní ọmọlangidi ni ó ń bá ṣeré, kò mọ ohun tí ó ń wò. Ní Ọ̀wọ̀, láàrin ọdún 1930 sí 1939, J. D. Akeredolu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ àwọn ènìyàn tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí oníkálukú wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti rí ìdáhùn.

Ti èkejì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Láàrin nǹkan bí ọdún 1686 sí 1710, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Amsterdam, Petronella Oortman, ṣe ilé kékeré kan tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum títí di òní. Ó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Ṣáínà fún àwo tánganran rẹ̀, owó tí ó sì ná lé ilé náà lórí tó èyí tí a lè fi ra ilé gidi ní ìlú náà. Ohun ẹwà ni, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún un. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1940, Frances Glessner Lee ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn yàrá kéékèèké tí ikú òjijì ti ṣẹlẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá lè fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan ní àwòfín. Nínú iṣẹ́ obìnrin kejì yìí ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo ń wá. Kì í ṣe bí ilé náà ti kéré tó ni a fi ń mọ ìfiṣòfò. Ohun tí ó fi kún ojú àti ọwọ́ ẹni ni. Ẹni tí òjò ń pa àbúrò rẹ̀, tí ó wá ń fi owó òrùlé ra ohun ọ̀ṣọ́ fún ọmọlangidi, ti ṣìwà hù, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti wù kí ó dára tó.

Níbo ni ènìyàn yóò ti wá bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan a ra ilé tí wọ́n ti gé tán ní ilé iṣẹ́, tí wẹ́wẹ́ rẹ̀ wà nínú páálí pẹ̀lú ìwé ìtọ́ni. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ó ń kọ́ni láti ka ègé kọ̀ọ̀kan, láti kọ́kọ́ gbé ògiri dúró láìfi àtè sí i, láti kun inú yàrá kí a tó bò ó, àti láti dúró kí àtè gbẹ. Ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ni, tí ibi ìdáná rẹ̀ wà nínú pálọ̀ nítorí òtútù ilẹ̀ wọn. Ó sàn kí ẹsẹ̀ kejì jẹ́ yàrá kan ṣoṣo nínú ilé tí a mọ̀. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan: ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà méje a di íǹṣì méje. Bí a bá wá gé àdìrẹ Ìtòkú kékeré kan ṣe aṣọ ibùsùn, a ó rí i pé ewé kan lára aṣọ náà ti gba ibùsùn tán. Kò sí ohun tí a lè fojú di mọ́.

Láti 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, àti láti 1839 tí àwọn Sàró ti ń dé, oríṣiríṣi ilé ni a ti kọ́ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ ti wó, kò sì sí ẹni tí ó wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Báwo ni ògiri ilé ìyá rẹ àgbà ti nípọn tó? Apá ibo ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí? Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ ní kékeré gbọ́dọ̀ mọ̀. Yóò mú okùn ìwọ̀n lọ, àgbà ilé yóò sì bi í léèrè ohun tí ó ń wá. Ibẹ̀ ni ìtàn yóò ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ẹni tí wọ́n bí sí yàrá yẹn, ìdí tí wọ́n fi dí fèrèsé kan pa.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A kò lè wo ilé tí ó ti wó, ṣùgbọ́n a lè wo èyí tí ó ṣì dúró dáadáa, kí a tó to páálí kan lé òmíràn. Bí iṣẹ́ náà bá parí, tí a sì lọ tún òrùlé tí ó ń jò ní ilé gidi náà ṣe nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n tán, ohun tí a fi eré bẹ̀rẹ̀ ti di ère.