Ìpàdé Tí Wọn Kò Pe Ẹsẹ̀ Sí: Ifá àti Ọ̀rọ̀ Detroit Pistons

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Detroit Pistons ti fi ayò 21 ṣíwájú Boston Celtics nílé àwọn Celtics. Kò pẹ́ tí Boston fi lé wọn bá, ọ̀rọ̀ di àfikún àsìkò, wọ́n sì na Detroit ní 128 sí 122. Ìgbà kejìdínlọ́gbọ̀n léraléra nìyẹn tí Pistons ń fìdí rẹmi. Kò sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá kankan ní NBA, líìgì Amẹ́ríkà, tí irú rẹ̀ tíì ṣẹlẹ̀ sí rí láàárín sáà kan ṣoṣo. Nígbà tí sáà fi parí, 14 péré ni wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82.

Ohun tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé orí kò bá wọn ṣe é. Ẹ̀rí wà fún wọn. Àwọn ni wọ́n ṣe ìkẹyìn pátápátá ní sáà tó ṣáájú, èyí sì fi wọ́n sára àwọn ẹgbẹ́ tí àǹfààní wọn ga jù lọ nígbà tí NBA ń ṣẹ́ kèké ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Victor Wembanyama, ọmọ Faransé, ni gbogbo ayé ń wò. Kèké mú San Antonio. Detroit já wálẹ̀ sí ipò karùn-ún. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run, kò ní ṣàì rántí Oríṣẹ́ẹ̀kú àti Oríléémèrè tí wọ́n lọ yan orí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn náà dáadáa. Àwọn méjèèjì kánjú ni. Wọn kò yà bi ẹnikẹ́ni, ojú ara wọn ni wọ́n fi yan orí, òjò sì pa á lọ́nà títí ó fi bàjẹ́. Afùwàpẹ́, ẹnì kẹta wọn, ní tirẹ̀ yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá sì bá a yan èyí tó dára. Kèké nìkan kọ́ ni ìtàn náà ń sọ.

Ẹsẹ Ifá mìíràn ni mo rí pé ó bá ọ̀rọ̀ Detroit mu jù. Àwọn Orí pe ìpàdé, wọn kò ka Ẹsẹ̀ sí, wọn kò ránṣẹ́ pè é. Èṣù ní òun á wo bí yóò ṣe yọrí. Ìjà ni ìpàdé náà fi tú ká, àfìgbà tí wọ́n lọ pe Ẹsẹ̀ wá kí ìmọ̀ wọn tó ṣọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé akitiyan ẹ̀dá ni ẹsẹ̀ dúró fún níbẹ̀.

Wo ohun tí Detroit ń kó jọ. Killian Hayes ní 2020, Cade Cunningham ní 2021, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Jaden Ivey àti Jalen Duren ní 2022, Ausar Thompson ní 2023. Orí lórí orí. Wọ́n tún gba Monty Williams ní akọ́nimọ̀ọ́gbá, pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́fà tó tó mílíọ̀nù 78.5 dọ́là. Ta ni yóò wá máa ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn kí ojú ọ̀nà lè là fún Cade? Bojan Bogdanović tó lè ṣe é ti farapa kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Cade á gbé bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn ọ̀tá á ti dí abẹ́ àwọ̀n pa, nítorí wọn kò bẹ̀rù ẹni tó dúró lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá kan náà, òun nìkan jẹ ayò 41, Brooklyn ṣì lù wọ́n ní 118 sí 112. Àwọn olólùfẹ́ wọn ń pariwo pé kí Tom Gores tó ni ẹgbẹ́ náà tà á.

Gores kò tà á. Ó lé Williams lọ ní oṣù Kẹfà 2024, Trajan Langdon gba àkóso, J.B. Bickerstaff di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n mú Tobias Harris, Tim Hardaway Jr. àti Malik Beasley wá, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ìràwọ̀. Beasley nìkan ju bọ́ọ̀lù aláyò mẹ́ta 319 wọlé. Wọ́n borí ní ìgbà 44. Kò sí ẹgbẹ́ tó tíì sọ iye ìborí rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta bẹ́ẹ̀ rí láti sáà onífẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82 kan sí èkejì.

New York Knicks ló dá wọn dúró ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje tó tẹ̀lé sáà náà, 4 sí 2, ẹsẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀ rárá. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ti Cade. Ọmọ ọdún 22 ni lọ́dún tí wọ́n ń nà wọ́n yẹn, gbogbo ẹnu ló sì ń pe orí rẹ̀ ní orí burúkú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, orí kan náà ni wọ́n yàn sí All-Star, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ìràwọ̀ NBA.