Ọjọ́ Tí Olú Tó

Bí káfíńtà bá rí olú lára pákó, ó ti mọ̀ pé pákó náà ń jẹrà. Ẹ̀yìn ilé ni yóò jù ú sí, torí kò sí ìṣó tó lè di irú igi bẹ́ẹ̀ mú. Lọ́dún 2013, oníṣẹ́-ọnà ará Nẹ́dálándì kan, Eric Klarenbeek, mú ọ̀tá káfíńtà yìí, ó ní kó wá ṣe àga fún òun.

Kì í ṣe olú tí à ń fi se ọbẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà gan-an. Àwọn fọ́nrán funfun tó ń ta bí òwú nínú igi jíjẹrà, tí olú ti ń yọrí jáde, ni. Klarenbeek àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Wageningen po fọ́nrán yìí mọ́ koríko gbígbẹ àti omi. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí tẹ àga náà jáde ní ìpele-ìpele, ó sì fi ike tí a ti ara ohun ọ̀gbìn mú jáde ṣe èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ dákẹ́. Fọ́nrán wá ń jẹ koríko, bó sì ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń so ó pọ̀, títí inú àga fi le.

Ta ló wá ṣe àga yìí? Mo ti rò ó títí. Kọ̀ǹpútà mọ ìrísí, kò mọ bí nǹkan ṣe ń hù. Olú mọ híhù, àmọ́ kí ni ìjókòó jẹ́ fún un? Oúnjẹ ló ń wá. Bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò jẹ koríko náà títí kò fi ní sí àga mọ́. Ẹnìkan ní láti máa wò ó, kó mọ ọjọ́ tó tó, kó mú un gbẹ kó má baà hù mọ́. Nínú "ó tó" yẹn ni mo ti rí oníṣẹ́-ọwọ́. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń fa irin yọ nínú iná. Aláró mọ̀ ọ́n létí ìkòkò aró. Kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn.

Wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àga yìí kò tán, dídá ni a dá a dúró.

Klarenbeek tún jẹ́ kí olú mélòó kan yọ sí ara àga náà, kò sì gé wọn kúrò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Eindhoven, kí àwọn èèyàn lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀.