Ọ̀rúnmìlà Kò Bá Wọn Padà Wálé

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ní Las Vegas ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Amazon fi àrà kan han àwọn tó wá sí àpérò wọn. Ọmọdé kan ní kí Alexa, ẹ̀rọ wọn tó ń sọ̀rọ̀, jẹ́ kí ìyá àgbà rẹ̀ tó ti di olóògbé ka ìwé The Wizard of Oz parí fún òun. Alexa gbà, ohùn ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí kàwé. Wọ́n ní ohùn tí kò tó ìṣẹ́jú kan ti tó fún ẹ̀rọ náà láti kọ́ bí ẹnìkan ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ta ni ikú mú ìyá rẹ̀ lọ tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò ní fa ọkàn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ló ni ọ̀rọ̀ tó ń ti ohùn olóògbé jáde?

Odù Ifá tó ń jẹ́ Ìwòrì Méjì dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ifá ní ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí. Lọ́jọ́ tó ń ṣọdún, wọ́n wólẹ̀, wọ́n kí i ní àbọrúbọyè. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn wọn, nìkan ló dúró gbọn-in, ó ní bàbá dé adé, òun náà dé adé. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó bá gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú: aboyún ò bí mọ́, odò gbẹ. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé. Ó kọ̀. Ikin mẹ́rìndínlógún, ìyẹn èkùrọ́ Ifá, ló kó lé wọn lọ́wọ́, pé ikin náà ni kí wọ́n máa bi léèrè bí wọ́n bá ń wá ire.

Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ló yan ohun tó fi sílẹ̀. Ikin ọ̀hún kì í sì í díbọ́n pé òun ni bàbá. Bí babaláwo bá pa ikin tí ọ̀kan kù lọ́wọ́ òsì, á tẹ ojú méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá kù, á tẹ ẹyọ kan. Ìgbà tí odù bá hù tán ni yóò kifá. Gbogbo ẹni tó jókòó mọ̀ pé ẹnu babaláwo ni àwọn ń gbọ́. Bó bá purọ́ mọ́ Ifá, a mọ ẹni tí a ó mú.

Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ tí ìyá kò sọ sí i lẹ́nu, ọmọdé sì lè gbà pé ìyá ló sọ ọ́. Ìtàn ni wọ́n fi kà níbi àpérò náà. Bó bá di ọ̀la, wọ́n lè fi polówó ọjà, wọ́n sì lè fi pín ogún.

Àdúrà tí ìyá fúnra rẹ̀ gbà sórí WhatsApp, oríkì tó fi kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, ogún gidi nìyẹn. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ sì bi àwọn àgbà yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi ohùn wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò sì fèsì kó tó lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ bá a fèsì.