Gbèsè Àyẹ̀wò tí ó Pẹ́ kí ó tó Dé

Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá láti ọdún méjì lè ṣàdédé rí ìwé owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbà ní Onígbòǹgbò wa yìí, kí ẹni tí ń sin owó sì tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni ó tọ́ kí Kristẹni ṣe?

Ǹjẹ́ pípẹ́ a máa pa gbèsè bí? Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọdún 6 ṣe ààlà fún pípe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kóòtù ni òfin tì. Kò sọ pé a kò gba iṣẹ́ oníṣẹ́.

Olówó náà ní ààlà tirẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ nípa ológò, ẹni tí í wọ ilé onígbèsè, tí í sì máa yọ wọ́n lẹ́nu títí a ó fi san owó. Ìtìjú a máa mú owó jáde, ṣùgbọ́n kì í fi hàn bóyá owó náà tọ́.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ béèrè: àyẹ̀wò wo, ní ọjọ́ wo, èló ni a ti san? Bí ó bá tọ́, kí a san án bí agbára ti mọ. Opó inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì kò fi gbèsè pamọ́. Ó sọ ọ́ fún Èlíṣà, ó ta òróró, ó sì san án. Kí olówó pẹ̀lú rántí pé ohun tí òun fi sílẹ̀ fún ọdún méjì, kò yẹ kí òun fi ipá gbà á ní ọjọ́ kan.